Èèpo Èkùrọ́, Èèpo Ìrẹsì, Èèpo Ẹ̀gẹ́: Èwo Ni Ká Tà fún Iléeṣẹ́ Sìmẹ́ǹtì?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí dá lórí òkìtì pàǹtí tó máa ń wà lẹ́yìn ibi tí a ti ń ṣe epo, ibi tí a ti ń fọ́ èkùrọ́, ibi tí a ti ń bó ìrẹsì àti ibi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́. Tẹ́lẹ̀, òkìtì yìí kì í ní olówó. Ẹni tó bá fẹ́ bù ú yóò bù ú, èyí tó bá kù, a ó ti iná bọ̀ ọ́. Nísinsìnyí, lọ́rì ti ń wá kó o. Àwọn tó ń kó o ń gbé e lọ sí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń fi í dáná níbẹ̀ dípò gáàsì àti èédú ilẹ̀.

Owó ni, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pàǹtí ló yẹ kó bá lọ́rì lọ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá tà á, ilẹ̀ yín lẹ ń tà díẹ̀díẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé omi lẹ ń tà, oníbàárà yóò sì yọ owó omi náà lára yín. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà láti ìdí wá, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó sọ nígbà tí oníbàárà bá dé.

Kí ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń fi pàǹtí ṣe?

Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Òun ni wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Ewékorò, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà láti ọdún 1960. Wọ́n á lọ òkúta yìí pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á dà á sínú iléru kan tó gùn bíi páìpù ńlá tó dùbúlẹ̀, tó ń yí díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà nínú iléru yẹn gbọ́dọ̀ gbóná tó dígírì 1,450. Omi tí ẹ gbé kaná ń hó ní dígírì 100. Irin pàápàá kù díẹ̀ kó yọ́ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Iná ibẹ̀ kì í sì í kú, tọ̀sán tòru ni.

Ẹ lè bi wá pé, ṣé wọn ò lè lo iná ẹ̀lẹ́tíríkì ni? Ìbéèrè gidi ni. Iná ẹ̀lẹ́tíríkì lè yí ẹ̀rọ, ó lè lọ òkúta, ó lè tan gílóòbù. Ṣùgbọ́n láti fi í mú òkúta ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù gbóná débi yẹn lójoojúmọ́, àdánwò ni wọ́n ṣì ń ṣe lórí ìyẹn ní ìlú òyìnbó. Lọ́dọ̀ wa níbí ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń wá tó ń lọ. Iléru tó bá tutù lójijì, bíríkì inú rẹ̀ a máa là, àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Nítorí náà, ohun tó ń jó ni wọ́n ń wá, ohun tí wọ́n lè kó pamọ́ sí ọgbà, tí wọ́n á máa bù sínú iná bí wọ́n ṣe fẹ́.

Àwọn tó ń ṣe gíláàsì náà wà nínú irú wàhálà kan náà. Ọkọ̀ òfurufú náà ńkọ́? Bátìrì tó lè gbé ọkọ̀ òfurufú ńlá kọjá òkun yóò wúwo ju kí ọkọ̀ náà lè gbéra nílẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọkọ̀ òfurufú kan gbéra ní London, ó balẹ̀ sí New York, epo tí wọ́n ṣe láti ara ọ̀rá àti òróró àlòkù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó jó lọ. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan tán. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì jìnnà sí wa. Ti sìmẹ́ǹtì ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Iléeṣẹ́ tó wà ní Ewékorò ti ń fi èèpo èkùrọ́ àti pàǹtí oko mìíràn kún gáàsì láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní orílẹ̀-èdè Uganda, iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Hima ń jó èèpo kọfí àti èèpo ìrẹsì. Wọ́n tilẹ̀ pín ọmọ igi kọfí fún àwọn àgbẹ̀ àgbègbè wọn, kí èèpo lè pọ̀ bó bá di ẹ̀yìn ọ̀la.

Ohun méjì ló ń lé wọn sídìí pàǹtí. Èkínní ni owó. Owó gáàsì fún iléeṣẹ́ ńlá nílẹ̀ wa a máa bá dọ́là rìn; bí dọ́là bá fò, owó gáàsì á fò tẹ̀lé e. Èkejì ni ọ̀rọ̀ èéfín, òun la sì fẹ́ kí ẹ yé dáadáa, torí wọn yóò máa dárúkọ rẹ̀ fún yín.

Gáàsì, èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Tí a bá wà wọ́n jáde tí a jó wọn, èéfín kábọ́ọ̀nù tó ti há mọ́ inú ilẹ̀ yóò jáde sójú ọ̀run. Ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ó ń bo ayé mọ́lẹ̀ bí ẹni da aṣọ òtútù bora, ayé sì ń gbóná sí i. Ọ̀pẹ yàtọ̀. Èéfín tí èèpo èkùrọ́ yóò tú jáde lónìí, inú afẹ́fẹ́ ni igi ọ̀pẹ ti fà á mu nígbà tó ń so. Ọ̀pẹ tó ṣì wà lóko yóò tún fà á mu padà. Bí owó àjọ ló rí: èyí tí a dá náà ni a kó. Gáàsì ni ti ẹni tó kó àjọ láìdá kọ́bọ̀.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé bí a bá ti jó èèpo èkùrọ́, gbogbo rẹ̀ ti tán o. Òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ń tú èéfín kábọ́ọ̀nù jáde tó bá ti gbóná. Nínú 100 èéfín kábọ́ọ̀nù tó ń jáde nídìí sìmẹ́ǹtì, nǹkan bíi 60 ló ń ti ara òkúta wá. Ìyókù ni ti iná, ibẹ̀ nìkan sì ni pàǹtí wa lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyókù yẹn náà kì í ṣe kékeré, torí iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń fa nǹkan bíi 7 sí 8 nínú 100 gbogbo èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú jáde.

Ohun kan tún mú iléru sìmẹ́ǹtì yàtọ̀ sí ààrò wa. Wọn kì í kó eérú dànù níbẹ̀. Eérú ohun tí wọ́n bá jó yóò po mọ́ òkúta, yóò di ara sìmẹ́ǹtì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń bèèrè ohun tó wà nínú eérú pàǹtí yín kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

Omi ni ọ̀tá

Ẹ jẹ́ ká mú èèpo ẹ̀gẹ́ tútù wò. Nínú 100 kílò èèpo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, nǹkan bíi 70 kílò ni omi. Ohun tó lè jó níbẹ̀ kò ju 30 kílò lọ. Kí 30 kílò yẹn tó lè ṣe iṣẹ́ kankan fún ẹni tó rà á, iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ omi 70 kílò di oruku lójú afẹ́fẹ́, bí ìgbà tí a gbé omi kaná tí a kò dí ìkòkò títí omi fi gbẹ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tó wà nínú èèpo náà ni yóò bá omi lọ. A ò tíì sọ ti ọkọ̀ o. Lọ́rì tó bá ru tọ́ọ̀nù 30 èèpo ẹ̀gẹ́ tútù láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ewékorò, tọ́ọ̀nù 21 nínú rẹ̀ jẹ́ omi lásán. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ yẹn? Ẹ̀yin ni. Bí wọn ò bá tilẹ̀ sọ ọ́ síta, wọn á ti yọ ọ́ nínú iye tí wọ́n dá lé e.

Èèpo èkùrọ́ ló gba ipò kìn-ín-ní. Ó le, omi inú rẹ̀ kò pọ̀, kì í tètè jẹrà, eérú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bó bá gbẹ dáadáa, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ rẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ tọ́ọ̀nù kan èédú ilẹ̀ tó dára. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ èyí kí iléeṣẹ́ kankan tó dé. Kì í sì í ṣe iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń wá a. Ilẹ̀ Japan ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o láti Indonesia àti Malaysia, wọ́n ń fi í ṣe iná ẹ̀lẹ́tíríkì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun kàn ń bá yín palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ ni, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ bi í léèrè iye tó fẹ́ san.

Èèpo ìrẹsì tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá bó 100 kílò ìrẹsì, nǹkan bíi 20 kílò ni yóò jẹ́ èèpo. Ẹran kì í jẹ ẹ́ ní àjẹyó, kì í tètè jẹrà lóko, òkìtì rẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ a sì máa rú èéfín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ bí wọ́n bá tiná bọ̀ ọ́. Agbára rẹ̀ kò tó ti èèpo èkùrọ́: nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì ló máa ṣe iṣẹ́ tọ́ọ̀nù kan èédú ilẹ̀. Eérú rẹ̀ pọ̀, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún. Nínú ààrò tiwa, wàhálà nìyẹn. Nínú iléru sìmẹ́ǹtì, ire ni, torí ohun tó pọ̀ jù nínú eérú náà jẹ́ irú èròjà tó wà nínú iyanrìn, sìmẹ́ǹtì sì nílò rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó fúyẹ́ púpọ̀. Lọ́rì á ti kún bámúbámú kó tó wúwo. Ibi tí ilé ẹ̀rọ ìrẹsì bá pọ̀ sójú kan, bíi Ọ̀fàdà tàbí Ìgbẹ́mọ ní Èkìtì, ni irú òwò bẹ́ẹ̀ lè ti mọ́gbọ́n wá, àgàgà bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tí yóò tẹ èèpo náà pọ̀ kó le gbagidi. Ohun tí mo sọ nípa fífúyẹ́ yìí kan lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlì náà.

Báwo lẹ ṣe lè mọ iye omi tó wà nínú pàǹtí yín? Kò le rárá. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ láti orí òkìtì, láti àárín rẹ̀ àti láti ìsàlẹ̀, kí ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ wọn kílò kan nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù nínú oòrùn, kí ẹ máa kó o wọlé lálẹ́ kí ìrì má baà sẹ̀ sí i. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Tí kílò kan bá di gíráàmù 850, omi 15 nínú 100 ló wà nínú òkìtì yín. Tó bá di gíráàmù 750, omi 25 ni. Oòrùn kò lè lé gbogbo omi jáde bíi ti ẹ̀rọ iléeṣẹ́, nítorí náà ti iléeṣẹ́ lè fi díẹ̀ ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá jẹ́ 15 tí wọ́n wá pè é ní 28, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn.

Èyí tí ẹ ní láti rò kí ẹ tó tà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí èèpo kòkó, torí ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti máa ń béèrè jù. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má tà á fún iná. Èròjà pọ́táàṣì pọ̀ nínú èèpo kòkó. Èyí tó wà nínú tọ́ọ̀nù kan èèpo kòkó gbígbẹ ju èyí tó wà nínú odidi àpò ajílẹ̀ pọ́táàṣì 50 kílò lọ. Inú ilẹ̀ oko yín ni kòkó ti fà á jáde. Bí lọ́rì bá gbé e lọ lọ́dún yìí, tó gbé e lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ilẹ̀ á gbẹ, kòkó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í so díẹ̀. Ṣebí pọ́táàṣì yìí náà ni àwọn ìyá wa ń wá nígbà tí wọ́n bá fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ dúdú? Àwọn oníléru pàápàá kì í fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, torí pọ́táàṣì a máa lẹ̀ mọ́ ara iléru. Nítorí náà, iye tí wọ́n máa dá lé e kò ní tó iye ajílẹ̀ tí ẹ ó rà dí i.

Àmọ́ o, ẹ má wá fi èèpo kòkó sílẹ̀ ní òkìtì lábẹ́ igi kòkó. Àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ kó o jìnnà sí igi, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ àti ewé, ẹ máa yí i padà kó lè gbóná dáadáa kó sì jẹrà, kí ẹ tó dá a padà sóko. Ìdì ẹyìn tí a ti ja ẹyìn tán lára rẹ̀ náà ní pọ́táàṣì púpọ̀. Ẹ dá a padà sí ìdí ọ̀pẹ. Èèpo èkùrọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ilẹ̀ kò tó nǹkan, ilẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹ tà á.

Pòròpórò àgbàdo àti ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ fi wọ́n sóko. A ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àròjinlẹ̀. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo ayé, nítorí náà èèpo rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a lè fojú díwọ̀n lọ, ó sì ń rùn láwọn ibi tí a ti ń ṣe gaàrí. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ kó o, inú wa á dùn. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ lè jẹ ẹ́ bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, oúnjẹ ẹran sì níye lórí ju igi ìdáná lọ. Àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA ní Ìbàdàn ti fi ọ̀nà kan hàn: wọ́n ń rin èèpo náà bí a ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń fún omi inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú jáàkì, wọ́n ń kù ú, wọ́n sì ń sá a tàbí kí wọ́n yan án bíi gaàrí. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń mú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ jáde, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, kàkà kó wà nínú oòrùn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Rírìn àti fífún yẹn tún ń lé májèlé inú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń sin ẹran tàbí adìyẹ nítòsí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá ná an. Èyí tó bá ti bàjẹ́, tó ti pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, tí ẹran kò lè jẹ mọ́, ìyẹn lè lọ sídìí iná lẹ́yìn tó bá gbẹ. Èyí tó ṣì dára, ẹ má jó o.

Ta ló ni èèpo?

Kò sẹ́ni tó ń bèèrè èyí nígbà tí èèpo èkùrọ́ kò ní olówó. Ìyá kan á gbé èkùrọ́ rẹ̀ wá síbi ẹ̀rọ, wọ́n á fọ́ ọ, á san owó ẹ̀rọ, á kó ọmọ èkùrọ́ rẹ̀ lọ, á fi èèpo sílẹ̀. Oníẹ̀rọ á kó èèpo sẹ́yìn ilé. Nísinsìnyí tí lọ́rì dé, ta ló ni owó? Oníẹ̀rọ á ní ọgbà òun ló wà. Ìyá á ní èkùrọ́ òun ni. Àwọn méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ohun tí a rí pé ó bójú mu ni kí ẹ ṣe ìpàdé kí lọ́rì kìn-ín-ní tó dé, kí ẹ fẹnu kò: bóyá kí oníẹ̀rọ dín owó fífọ́ kù kó sì ni èèpo, bóyá kí olúkúlùkù gbé èèpo rẹ̀, tàbí kí ẹ pín in. Èyí tó wù tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé. Bí owó bá ti wọlé tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì kan àwọn ìyá tó ń se ẹyìn. Kí ni wọ́n fi ń se é? Ìhá tí wọ́n fún epo kúrò lára rẹ̀, àti èèpo èkùrọ́ kan náà yìí. Bí a bá ta gbogbo rẹ̀, kí ni wọ́n máa fi dáná? Wọ́n á lọ sínú igbó lọ gé igi ni. Ẹ wò ó, igi tí a gé lulẹ̀ láti fi dípò èèpo tí a gbé lọ sí Ewékorò ti ba gbogbo ìṣirò èéfín tí iléeṣẹ́ ń ṣe jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó igi ìdáná tí ìyá náà yóò rà sì lè ju owó tó gbà lórí èèpo lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn, ẹ ka iye agbọ̀n èèpo tí ẹ ń lò fún sísè ẹ̀ẹ̀kan, ẹ fi iye ìgbà tí ẹ ń sè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìgbà ẹyìn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ ya ìyẹn sọ́tọ̀. Èyí tó bá lé lẹ ó tà. Ẹ má gbàgbé alágbẹ̀dẹ tó ń rà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ náà. Oníbàárà ọjọ́ pípẹ́ ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ó sì padà sí bí lọ́rì kò bá wá mọ́.

Bí ẹ ó ṣe ná an

Àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè ní èèpo tó kún lọ́rì. Ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́, kí ẹ ní ibi ìkójọ kan tí lọ́rì lè dé ní ìgbà òjò. Alárobọ̀ tó bá ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì pẹ̀lú báńbù rẹ̀ yóò máa dá iye tó wù ú fún olúkúlùkù. Ẹ má tà á ní báńbù tàbí ní àpò, ìwọ̀n ni kí ẹ bá lọ. Kí ẹni yín kan sì tẹ̀lé lọ́rì dé ibi òṣùwọ̀n, kó fojú ara rẹ̀ rí nọ́ńbà tó jáde.

Ẹ bi wọ́n: iye omi wo lẹ gbà láàyè? Báwo lẹ ṣe ń yọ èyí tó bá lé? Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní àdéhùn jẹ́ omi 15 nínú 100, ẹ wá kó tọ́ọ̀nù 30 lọ, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí omi 25. Ohun gbígbẹ tó wà níbẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 22 àtààbọ̀. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lórí àdéhùn, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 26 àtààbọ̀ ni wọ́n máa sanwó fún. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ ti lọ. Olè kọ́ ló jí i, òjò ló rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sanwó fún tọ́ọ̀nù 20, ẹ mú ìṣirò yìí jáde kí ẹ fi hàn wọ́n.

Òkúta, irin, ike àti nírànlá kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Irin kékeré kan lè ba ẹ̀rọ tó ń bu èèpo sínú iná jẹ́, wọ́n sì lè dá odidi lọ́rì padà fún yín nítorí rẹ̀. Ní ti ike àti táyà, ẹ lè gbọ́ pé àwọn iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń jó ìyẹn náà. Òótọ́ ni, ooru dígírì 1,450 ń jó májèlé inú rẹ̀ run. Ààrò gaàrí wa kò dé ibẹ̀ láéláé. Ẹ má fi ike dáná, ẹ má sì fi táyà bó awọ pọ̀ǹmọ́. Májèlé tó ń jáde níbẹ̀ ń wọ inú oúnjẹ àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín.

Ohun tó bá tutù jù láti gbẹ, bí ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti omi ẹ̀gẹ́, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Inú kòtò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni wọ́n ń dà á sí, á jẹrà níbẹ̀, á mú gáàsì tó ń jó jáde, ohun tó bá kù á sì di ajílẹ̀. Ibùdó Songhai ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ Benin, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, ń ṣe irú gáàsì yìí. Ẹni tó bá sin ẹlẹ́dẹ̀ púpọ̀ lè ronú sí i. A ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ìpamọ́ ló kù. Ìgbà tí ẹyìn ń pọ̀ jù, láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ni òjò ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èèpo yín á tutù lásìkò tó pọ̀ jù gan-an. Ẹ ṣe ibi ìkójọ sórí ilẹ̀ tó ga, ẹ tẹ́ pákó tàbí bíríkì sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi tapólì bò ó lórí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Ẹ má jẹ́ kí òkìtì náà ga ju ènìyàn lọ. Èèpo tútù tó ní ìhá nínú a máa gbóná láti inú wá bí ajílẹ̀ tó ń jẹrà, ó sì lè fúnra rẹ̀ gbiná lóru. Ẹ máa ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ọ̀pá bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbà á mú, ẹ tú òkìtì náà ká lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sá a. Bí ẹ bá fẹ́ kí a bá yín ṣe ìdánwò omi tí a ṣàlàyé lókè yìí nígbà àkọ́kọ́, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ADP tó ń bẹ àgbègbè yín wò. Kílò kan èèpo àti òṣùwọ̀n kékeré ni kí ẹ ti ní nílẹ̀ dè é.